Àtẹ́lẹwọ́ Màmá Àṣìkẹ́

Nígbà tí ìròyìn ikú Màmá Àṣìkẹ́ fi máa dé etí Toheebat, ilẹ̀ ti bo ìyá àgbà rẹ̀ láti àná.

Ìlú kan lápá Òkè Ọya ni Toheebat wà. Ó jókòó sí etí ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì, ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ aláwọ̀ aró tán, bàtà nìkan ló kù. Ìjì tó jà lọ́jọ́ tó ṣáájú ti da nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ìlú náà rú, bàálù tí Toheebat ti ń ṣiṣẹ́ kò lè padà sí Èkó, gbogbo wọn sì sùn sílẹ̀ láìlè bá ará ilé kankan sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tí ẹ̀rọ sì jí, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹyẹ tí òjò pa. Ìpè Lukman, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló kọ́kọ́ wọlé.

"Toheebat, níbo lo wà?"

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Òjò ló dá wa dúró síbí. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láti..."

"Màmá ti lọ."

Toheebat fi ọwọ́ kejì di etí ibùsùn mú.

"Àná ni," ni Lukman tún wí. "Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Àsárì. A sì ti sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. O mọ̀ pé a kì í fi òkú Mùsùlùmí ṣẹ̀ṣọ́ ilé. A pè ọ́, pè ọ́, ó sú wa. Ìwọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ju gbogbo wa lọ, ìwọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Òkè lo wà, láàárín ìkùukùu."

Toheebat gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ ọ́ lára. Bàtà rẹ̀ méjèèjì ló ń wò nílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọjú síra bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ohun tó ń rò ni pé, ta ni yóò máa wí fún òun pé "Bọ́nárífé" báyìí?

Ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò dé lọ́hùn-ún lẹ́yìn bọ́dà ni. Nígbà tí Màmá Àṣìkẹ́ ṣì lágbára, ó máa ń ná ọjà Kútọnu, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà bọ̀ wálé bí ẹni tí wọ́n fún ní èènì. Láti ìgbà tí Toheebat ti ń lọ ilé ìwé ní Ìlaròó títí ó fi di òṣìṣẹ́ inú bàálù, kò wọ ilé ní Ajílété rí kí Màmá má ké e láti orí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi fúrúùtù pé, "Bọ́nárífé, Àbẹ̀kẹ́ mi! Bọ́nárífé!"

Peace, tó jẹ́ ọ̀gá wọn nínú bàálù, ló wọlé wá bá a níbi tó jókòó sí. Ohùn Lukman ti dé etí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi bàtà náà wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wọ ọmọdé ní bàtà ilé ìwé.

"Bí a bá ti dé Èkó, máa lọ sílé," ni Peace wí. "Mo máa bá àwọn ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tùn-únla ni kó o padà o, àbúrò mi. Èèyàn ò tó nílẹ̀. Bí o ò bá padà lọ́tùn-únla, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi sí ipò rẹ."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Toheebat gba Ọ̀tà kọjá, tó dorí kọ Owódé. Lójú ọ̀nà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá mọ́tò wọn dúró. Ọ̀kan nínú wọn ṣí báàgì Toheebat, ó rí yunifọ́ọ̀mù náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fún wa ní bisikíìtì lókè? Ẹ ò bá wa mú ọ̀kan wá ni?"

Bisikíìtì ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wọn. Toheebat fi orí ti fèrèsé, ó sì ń wo àwọn igi ọ̀pẹ bí wọ́n ṣe ń sá sẹ́yìn. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, bisikíìtì ló kẹ́yìn. Kí èrò kankan tó wọlé ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń fọwọ́ kan ohun gbogbo nínú bàálù: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń paná, tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀wù abẹ́ àga tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi. Bí èrò bá sì ń wọlé, tí Toheebat ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀rín náà. Ta ló lóyún? Ta ló ń tiro? Ta ló rí gìrìpá tó lè bá òun ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ bí nǹkan bá yíwọ́? Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ẹni tó tì í kò gbọ́dọ̀ gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa ń dé. Ohun tí Toheebat fẹ́ràn jù nìyẹn nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Nígbà tí bàálù bá fẹ́ gbéra, àti nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀, yóò jókòó sórí àga kékeré ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tó máa ń ká padà bí ẹni tó ni í bá dìde. Yóò de bẹ́líìtì mọ́ èjìká àti ìbàdí, yóò tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ti ògiri, yóò sì ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ọwọ́ náà má bàa fò káàkiri bí bàálù bá fi ara gbá ilẹ̀. Kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè nínú ọkàn: Ilẹ̀kùn wo ni tèmi? Bí kò bá ṣeé ṣí, èwo ni mo máa kó wọn lọ? Kí ni mo máa pariwo? Ta ni kò lè dá dìde?

"Bí ewu bá dé, kò sí àyè ìrònú," ni Peace máa ń sọ fún wọn. "Ohun tó o ti rò sílẹ̀ lo máa bá níbẹ̀."

Lójú Toheebat, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dà bí yàrá kékeré kan tí kò ní ògiri, tí òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìjì yẹn, nígbà tí Àsárì kù díẹ̀, kò dá wà nínú yàrá náà. Bàálù ti ń sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ wọn, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí awakọ̀ sì tún gbé bàálù náà sókè lójijì, ó di òkè padà. Àwọn èrò figbe ta. Àwọn kan ń pe Jésù, àwọn kan ń ké "Lá iláhà", obìnrin kan sì ń pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ jẹ níyà. Ẹ̀rù ba Toheebat. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lábẹ́ itan fẹ́ jáde wá di nǹkan mú. Nígbà náà ni òórùn òrí kan kọjá nímú rẹ̀, òrí tí wọ́n pò mọ́ àdín, irú èyí tí Màmá máa ń fi pa orúnkún. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan fara balẹ̀ jókòó ti òun, níbi tí kò sí àga. Ẹ̀rù náà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: Ilẹ̀kùn wo ni tèmi? Nígbà tí wọ́n balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, táyà kan ilẹ̀ pẹ̀lẹ́, òjò sì bo ojú fèrèsé bí aṣọ.

Ó ti gbàgbé òórùn náà kí wọ́n tó dé òtẹ́ẹ̀lì. Inú mọ́tò Owódé ló ti rántí rẹ̀.

Ó tún rántí ọjọ́ tó kọ́ṣẹ́ tán, tó wá fi gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ han Màmá. Ó ti mú ìyá àgbà náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ fúrúùtù, ó wá ọ̀já kan nínú ilé, ó sì dè é mọ́ ọn níbàdí.

"Bẹ́líìtì rèé, Màmá. Kò gbọ́dọ̀ dẹ̀."

"Bàálù ọ̀hún pọ̀n wá ni?"

"Ó pọ̀n yín, Màmá."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì. Toheebat fi ife ike bò ó nímú. "Bí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá dínkù, nǹkan báyìí máa já wálẹ̀ láti òkè. Imú ti yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bò, kẹ́ ẹ tó bo ti ọmọ ẹ̀gbẹ́ yín."

"Kí n kọ́kọ́ bo tèmi? Ìyá wo ló máa ń jẹun kí ọmọ tó jẹ?"

"Ìyá tó bá dákú ò lè fọ́mọ lóúnjẹ, Màmá."

"Ẹ kú ọgbọ́n." Màmá bọ́ ife kúrò nímú. "Gbogbo èrò lẹ pọ̀n. Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń pọ̀n ọ́?"

Toheebat jókòó tì í, ó sì fi bí òun ṣe máa ń jókòó hàn án: ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀yìn gbọọrọ, ọwọ́ lábẹ́ itan, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ó ka àwọn ìbéèrè náà fún un. Màmá gbìyànjú ọ̀hún wò, ó sì yọ ọwọ́ kíá.

"Itan mi ti di igi ìdáná, ó ń gún mi." Ó fọwọ́ ra itan rẹ̀. "Tún un kà. Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ò ń rò."

Toheebat tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wọ́n wá jẹun, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ó kéré tán, ohun tí Toheebat rò nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀kadà já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Ajílété, bẹ́ǹṣì náà ṣófo. Ewé fúrúùtù pupa méjì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ké Bọ́nárífé. Àǹtí Jẹ̀mílátù, àbúrò ìyá wọn, tó ń bá Màmá gbé, ló sáré jáde wá dì mọ́ ọn, òórùn èéfín sì kún aṣọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá Toheebat ti kú, nígbà tí òun ṣì ń rá kòrò, àárín obìnrin méjì yìí ló ti dàgbà. Àǹtí mú un lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ pupa ti ga díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Toheebat dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Lukman pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni Lukman ní ilé ìwé girama kan ní Ìlaròó, ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í pariwo lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ohùn rẹ̀ kò sì ga lọ́jọ́ náà.

"Mo ti bá ọ wá iṣẹ́," ni ó wí. "Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí tiwa ń wá olùkọ́. Ọ̀gá wọn mọ̀ mí. Ó ní kó o wá rí òun lọ́tùn-únla."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀tùn-únla ni mo gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ọ sọ ọ́ báyìí." Ó wo ilẹ̀. "Ohun kan wà tí n kò fẹ́ sọ lórí fóònù. Màmá lọ, wọ́n fi ọwọ́ pamọ́."

Toheebat mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní agbo ilé wọn, bí àgbà bá fẹ́ lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ọmọ máa ń wò. Nígbà tí bàbá àgbà wọn ń kú, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí ẹní, ó ṣí wọn gbalaja, gbogbo ọmọ ilé sì ń wá fi iwájú orí kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Lèmọ́mù máa ń mi orí sí i, ṣùgbọ́n àṣà ilé ni. Àgbà tó bá ṣí ọwọ́ ti súre tán. Èyí tó bá fi ọwọ́ pamọ́, ẹnì kan ló ń bínú sí.

"Gbogbo àgbà ilé ló rí i," ni Lukman wí. "Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni gbogbo ojú ń wá. Toheebat, sọ̀kalẹ̀. Wá máa gbé nítòsí wa. Lọ́jọ́ kẹjọ tí a bá ń ṣe àdúrà, gbogbo wa á bá ọ bẹ Màmá níbi sàréè, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. N kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ lórí rédíò lọ́jọ́ kan."

"Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná, Bọ̀ọ̀dá mi," ni Toheebat wí.

Ó ká yunifọ́ọ̀mù náà sí ìsàlẹ̀ báàgì, ó sì da aṣọ yòókù bò ó. Bí Màmá bá ti bínú sí i lọ sọ́run, kí ni òun tún ń wá lókè? Kí ìrun òwúrọ̀ tó tó, ó lá àlá. Ó rí i pé òun ń rìn láàárín àga bàálù, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ajílété ni ilẹ̀ rẹ̀, pupa, ó sì rọ̀, igi ọ̀pẹ sì jókòó ní ọ̀tún àti lósì bí èrò, gbogbo wọn ti de ọ̀já mọ́ ìbàdí. Ó ń wá ẹnì kan láàárín wọn. Ó jí kó tó rí i.

Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹta ní òwúrọ̀. Wọ́n pín àkàrà, àwọn àlejò sì túká díẹ̀díẹ̀. Bí Toheebat ṣe ń kí wọn ló ń rí i bí àwọn àgbà ṣe ń wo ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì gbé ojú kúrò. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti sọ nínú ara rẹ̀ pé òun máa tẹ̀lé Lukman lọ sí Ìlaròó. Ọmọ kéékèèké, ṣọ́ọ̀kì, lílù aago ìsinmi. Ìyẹn náà kò burú. Ó jókòó ti Àǹtí Jẹ̀mílátù lẹ́yìn ilé, ó ń bá a fi eérú fọ ìkòkò.

Ìró bàálù kan bẹ̀rẹ̀ lókè, jìnnà réré, bí ẹni tó ń lọ nǹkan lórí ọlọ. Àǹtí gbé orí sókè, ó na ọwọ́ dúdú sí i.

"Máa lọ o! Ẹni tó máa ń bá ọ balẹ̀ ti lọ!"

Toheebat rẹ́rìn-ín díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. "Ta ló ń bá a balẹ̀, Àǹtí?"

"Màmá ni. O ò mọ̀ ni? Bí wọ́n bá ti gbọ́ 'húùùù' báyìí, ohun yòówù tí wọ́n ń ṣe, wọ́n á jù ú sílẹ̀. 'Àbẹ̀kẹ́ ń balẹ̀.' Ó parí nìyẹn. Èyí tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó ń lọ sí Mẹ́kà, tìrẹ ni gbogbo wọn. Mo ní, 'Màmá, ṣé Toheebat nìkan ló ń wọ bàálù ní Nàìjíríà ni?' Wọ́n ní, 'Dákẹ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.'"

"Iṣẹ́ wo?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Wọ́n á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á dúró gan-an bí ẹni tó ń ya fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù. O kí wọn, wọn ò ní dáhùn. Ẹnu wọn á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́. Ọjọ́ kan ni mo fi etí sí i. 'Ilẹ̀kùn wo ni tèmi? Ta ni kò lè dá dìde?' Mo rò pé olè ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ọjọ́ yẹn ni mo ra àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà."

Kànrìnkàn já bọ́ lọ́wọ́ Toheebat.

"Àǹtí. Ọwọ́ wọn ńkọ́? Bí wọ́n bá jókòó bẹ́ẹ̀, níbo ni ọwọ́ wọn máa ń wà?"

"Abẹ́ itan. Mo ti bá wọn jà lórí rẹ̀ tipẹ́, pé ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ wọn kú tipiri. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe bá wọn lọ́jọ́..." Àǹtí gé ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe bá wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn ni pé n kò gbọ́ ìró bàálù kankan. Ojú ọ̀run dákẹ́ lọ bí omi inú àmù. Ni wọ́n bá dìde níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní, 'Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀.' Mo ní, 'Níbo, Màmá?' Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n lọ jókòó. Nígbà tí mo máa fi gbé omi àlùwàlá Àsárì lọ fún wọn, orí wọn ti fara ti igi fúrúùtù. Wọ́n ti lọ."

Toheebat kò mọ ìgbà tí òun dìde. Eérú ló bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. "Nígbà tẹ́ ẹ ń yọ ọwọ́ náà jáde, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa. Ṣé ẹ̀yìn ọwọ́ ló wà lókè, àbí àtẹ́lẹwọ́?"

Àǹtí ti ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jókòó dáadáa sórí àpótí, ó ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ itan, ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ó di ojú.

"Àtẹ́lẹwọ́," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Àtẹ́lẹwọ́ ló kọjú sókè. Èmi ni mo yọ ọ́. Ó ṣí sílẹ̀ gbalaja, mo sì rò pé kí ni wọ́n ń gbé tó wúwo tó báyìí." Ó la ojú, ó wo Toheebat, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀díẹ̀. "Iṣẹ́ tìrẹ ni wọ́n ń bá ọ ṣe."

Bàálù náà ti lọ pátápátá. Ìró rẹ̀ nìkan ló kù sórí oko ẹ̀gẹ́, tó ń tínrín lọ bí òwú.

Toheebat ò fọ ọwọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ sí iwájú. Lukman wà lábẹ́ fúrúùtù, ó ń nu eruku kúrò lára ọ̀kadà rẹ̀, ó ń múra àtilọ sí Ìlaròó.

"Ó dáa tó o jáde," ni Lukman wí. "Mo fẹ́ pe ọ̀gá ilé ìwé yẹn. Ṣé kí n sọ fún wọn pé o ń bọ̀ lọ́la?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí ná."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Màmá. Ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó sì ti ọwọ́ eléérú bọ abẹ́ itan. Lukman wò ó, àkísà sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, nítorí ó ti rí ìjókòó náà rí, ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

"Ta ló sọ fún ọ bí a ṣe bá wọn?"

"Èmi ni mo kọ́ wọn. Bí àwa tó ń ṣiṣẹ́ inú bàálù ṣe máa ń jókòó nìyí bí ó bá fẹ́ balẹ̀. Ọwọ́ abẹ́ itan yìí, ṣíṣí ló wà, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ bi Àǹtí. Nígbà tí Màmá ń lọ, èmi náà wà nínú ìjì, mo jókòó báyìí, ẹ̀rù sì bà mí. Màmá ò fi ọwọ́ pamọ́ fún mi. Wọ́n wá bá mi jókòó ni."

Lukman wo ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí Àǹtí Jẹ̀mílátù ti yọ orí, tó sì ń mi orí sókè sódò pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo bẹ́ǹṣì. Ó jókòó sí etí rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá àyè wà.

"Bí ìjì ọjọ́ yẹn bá ti gbé yín ṣubú ńkọ́?" ni ó béèrè. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Sàréè méjì ni èmi ì bá máa wò lónìí."

"Mo mọ̀. Mi ò lè sọ fún yín pé ewu ò sí níbẹ̀. Bí ewu ò bá sí, kò sẹ́ni tó máa ní kí n jókòó báyìí. Ṣùgbọ́n èrò máa wà nínú bàálù náà lọ́la, Bọ̀ọ̀dá mi, bí mo wà níbẹ̀ o, bí mi ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí kò lè dá dìde láàárín wọn."

Afẹ́fẹ́ mi igi fúrúùtù. Ewé pupa kan bọ́ sáàárín wọn. Lukman mú un, ó ń yí i po lọ́wọ́.

"Kí ni kí n wá sọ fún ọ̀gá ilé ìwé?"

Toheebat yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ itan. Ó gbé e lé orí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, teérú teérú, àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ sọ fún wọn pé mo dúpẹ́, mi ò ní gba iṣẹ́ náà. Mi ò ní sí níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó sì ń dùn mí; ẹ bá mi ṣe é. Lọ́la ni mò ń padà sínú bàálù, Bọ̀ọ̀dá mi. Iṣẹ́ tí mo máa ṣe nìyẹn."